Oúnjẹ Tí Yúmmà Kò Jẹ Rí

Mò ń sá aṣọ lórí òrùlé ilé wa ní Kàtúmù, ní orílẹ̀-èdè Sudan, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ogun dé. Òrùlé ilé ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, orí rẹ̀ la ti ń sá aṣọ, orí rẹ̀ náà la sì ti ń gba atẹ́gùn nígbà ooru. Ààwẹ̀ Ramadan là ń gbà, ó sì ti ń parí lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi kúrò lára aṣọ ọmọ mi tán nígbà tí mo gbọ́ ariwo kan, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ páànù lórí títì ọlọ́dà. Mo rò pé àwọn tó ń kọ́lé ni. Nígbà tí ìkejì dún, ògiri tí mo gbé ọwọ́ lé gbọ̀n. Mo wo apá ibi tí pápákọ̀ òfuurufú wà, mo rí èéfín dúdú tó ń ga lọ sókè.

Ìyá ọkọ mi pariwo láti ìsàlẹ̀.

"Rùkáyà! Sọ̀ kalẹ̀! Fi aṣọ sílẹ̀!"

"Kí ló dé, Yúmmà?"

"Mi ò mọ̀. Ṣáà sọ̀ kalẹ̀."

Yúmmà ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ìyá wọn, bẹ́ẹ̀ lèmi náà sì ń pe ìyá ọkọ mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé ọmọ mi, a wọ abẹ́ àtẹ̀gùn lọ jókòó. Aṣọ wọ̀nyẹn wà lórí okùn títí a fi kúrò nílùú. Kò sẹ́ni tó tún gun òrùlé mọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Bódìjà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo lọ kọ́ èdè Lárúbáwá ní Kàtúmù, ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ìdírísì, a sì fẹ́ ara wa. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, Ìdírísì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté létí Òkun Pupa, ibi tó jìnnà sí wa gan-an. Èmi, Yúmmà àti Màríámù ọmọ wa la wà nílé. Màríámù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ nígbà náà ni, kò rántí nǹkan kan. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbàkigbà tó bá bi mí pé báwo ni ogun ṣe rí, ìtàn oúnjẹ ni mo máa ń sọ fún un. Ó rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún òun ni. N kò fi nǹkan kan pamọ́.

Iná lọ lọ́jọ́ kìíní, omi ẹ̀rọ tẹ̀ lé e. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tilẹ̀kùn. Ẹran inú fíríìjì la kọ́kọ́ sè kó má bàa bàjẹ́, a jẹ díẹ̀, a pín ìyókù fún aládùúgbò. Búrẹ́dì tán. Ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní fúlù, tí kò sí ilé tí wọn kì í ti í jẹ ẹ́ láàárọ̀, òun náà tán. Ọta ìbọn a máa gba orí ilé kọjá pẹ̀lú ìró bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya. Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bá wa lábẹ́ àtẹ̀gùn. A kírun níbẹ̀, a fi dàbínù tó ṣẹ́ kù ṣọdún, Yúmmà sì fún Màríámù ní èyí tó jẹ́ tiwọn. Nígbà tó yá, ìyẹ̀fun ọkà bàbà díẹ̀ àti iyọ̀ nìkan ló kù nílé. Màríámù a máa ti ìka bọ inú iyọ̀, a máa lá a.

Ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa tí wọn kò tíì kọ́ parí. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Kàlítúmà ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, wọ́n ń bá onílé ṣọ́ ọ. Apá ìwọ̀-oòrùn, ní Dáfọ̀, ni wọ́n ti wá. Kàlítúmà a máa gún ewé kan, a rọ ọ́ sínú ìkòkò, a rì í mọ́lẹ̀ títí yóò fi kan. Káwàl ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti ṣí ìkòkò náà, gbogbo àdúgbò á gbọ́ òórùn rẹ̀. Yúmmà a sì yára ti fèrèsé.

"Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n máa ń wí. Nínú ìdílé tí wọ́n ti bí wọn, wọ́n gbà pé káwàl kì í ṣe oúnjẹ ọmọlúwàbí. Wọn kò tọ́ ọ wò rí láyé wọn.

Ní tèmi, bí wọ́n bá ní kí n lọ ti fèrèsé, mo máa ń dúró díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó tì í. Òórùn irú ni. Irú ìyá mi gan-an, ní ìlú tí mo ti rò pé kò sẹ́ni tó mọ irú.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ìbọn dákẹ́ díẹ̀, Kàlítúmà fo ògiri kékeré tó wà láàárín wa. Ó tẹ̀ ba, ó fi gèlè rẹ̀ di ìkòkò kan mọ́ àyà.

"Ẹ má bínú, Alhaja," ó sọ fún Yúmmà. "Mo gbọ́ tí ọmọ yín ń sunkún. Kò sí ẹran o. Káwàl ni."

Yúmmà wo ìkòkò náà. Kí wọ́n tó lè fèsì, ìbọn ńlá kan dún ní ìkọjá òpópónà, gbogbo wa dọ̀bálẹ̀. Kàlítúmà dọ̀bálẹ̀ tòun ti ìkòkò, ó fi ara yí i ká bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Erùpẹ̀ ń já bọ́ láti ara àjà. Màríámù há mọ́ mi lábẹ́. Nígbà tí ó rọlẹ̀, a wo ìkòkò náà, ẹ̀kán kan kò dà nínú ọbẹ̀.

Yúmmà ṣì na gbalaja sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀. "Gbé e wá."

Mo ti ro àsídà, ìyẹn òkèlè ìyẹ̀fun ọkà bàbà. Yúmmà bù ú, wọ́n fi kan ọbẹ̀, wọ́n di ojú bí ẹni tó fẹ́ lo egbòogi, wọ́n gbé e sẹ́nu. Gbogbo wa ń wò wọ́n. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n gbé e mì, wọ́n la ojú.

"Ta ló ń parọ́ fún mi láti kékeré pé èyí kò dára?"

Kàlítúmà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Yúmmà fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí àwọn ológun tó wà lójú títì, ṣùgbọ́n èjìká wọn ń mì. Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ̀rín wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Màríámù jẹ àsídà àti káwàl títí ikùn rẹ̀ fi yọ. Kàlítúmà kò padà sí ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Ó jókòó ti Yúmmà, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mọ ewé náà nínú igbó. Yúmmà ń gbọ́, wọ́n ń mi orí.

Ilé tó dojú kọ wá ni àdó olóró wó lulẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn onílé ti lọ, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n Yúmmà wo àwókù náà títí, wọ́n ní ó tó, ká máa lọ. Kàlítúmà kò bá wa lọ. Ọkọ rẹ̀ ní wọ́n fi ilé sọ́wọ́ òun, òun kò lè fi í sílẹ̀. Ó gbá Màríámù mọ́ra, ó wí fún wa pé ká má wẹ̀yìn. Mo ti wá wọn láti ìgbà náà, mo ti bi gbogbo ẹni tí mo lè bi. N kò gbúròó wọn.

Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó kún àkúnfàya ló gbé wa. Àwọn ológun ń dá wa dúró káàkiri lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn wo ìwé ìrìnnà mi, ó ní, "Nàìjíríà? Kí lo wá ṣe níbí?"

Yúmmà dá a lóhùn kí n tó la ẹnu. "Ọmọ mi ni."

Ó wo ojú wọn, ó wo tèmi, ó jẹ́ ká kọjá.

Ìdírísì ń dúró dè wá ní èbúté. Ìlú náà ti kún fún àwọn tó sá wá, inú yàrá kan lòun àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ há mọ́. Ó ní kí n mú ìyá òun àti ọmọ lọ sí Ìbàdàn, òun á tẹ̀ lé wa tí òun bá ti rí ọ̀nà. Bí a ṣe dé nìyẹn.

Òjò ń rọ̀ ní Bódìjà lọ́jọ́ tí a wọlé. Màámi dúró sí ẹnu géètì lábẹ́ agbòòrùn, wọ́n sọ agbòòrùn nù nígbà tí wọ́n rí wa. Wọ́n gbá Yúmmà mọ́ra nínú òjò, obìnrin tí wọn kò rí rí àfi nínú fóònù. Wọ́n ti se ìrẹsì, wọ́n ti dín adìẹ, ata inú rẹ̀ sì tó ata tí a máa ń fi gba àlejò pàtàkì. Yúmmà tọ́ ọ wò. Omi dà lójú wọn. Wọ́n dúpẹ́ ní èdè Lárúbáwá, wọ́n rọra ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Láti ọjọ́ náà lọ, búrẹ́dì àti tíì nìkan ni wọ́n ń jẹ. Màámi gbìyànjú títí. Wọ́n ra makaróónì ní Dùgbẹ̀. Wọ́n se ọbẹ̀ tí kò ní ata. Wọ́n rán mi lọ sí Sábó ní ìtòsí Mọ́kọ́lá kí n lọ ra sùyà, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá gbọ́ Lárúbáwá á fẹ́ràn sùyà. Yúmmà a gé díẹ̀, a dúpẹ́, a padà sí yàrá. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára wọn. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Ring Road. Ó yẹ̀ wọ́n wò láti òkè délẹ̀, ó ní àìsàn kankan kò sí lára wọn, kí wọ́n ṣáà jẹun.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀, mo bi wọ́n. "Yúmmà, ṣé oúnjẹ wa kò dùn mọ́ yín ni?"

Wọ́n ń wo ìta fèrèsé. "Ó dùn. Ìyá rẹ ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó tí mo jẹun yó níbí, ó máa dà bí ẹni pé mo ti gbà pé n kò ní ilé mọ́."

Mo sọ ọ́ fún Màámi nígbà tí a délé. Wọ́n ní, "A ò ní fi ipá mú wọn. Ṣùgbọ́n ebi ò ní pa àlejò kú nínú ilé mi."

Èdè kò pa Màámi àti Yúmmà pọ̀. Màámi gbà pé tí àwọn bá sọ Yorùbá sókè dáadáa, Yúmmà á gbọ́. "Ẹ! KÁÀ! ÀÁRỌ̀!" ni wọ́n máa ń kí wọn láàárọ̀. Yúmmà náà á sì pariwo Lárúbáwá padà. Ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á rò pé ìjà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màámi wọ kíṣìnnì, wọ́n se orúnlá fún ara wọn. Kò sí ti àlejò nínú rẹ̀. Èrò wọn ni pé orúnlá kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń gbé síwájú àlejò, ilá gbígbẹ lásán tí wọ́n gún, tí wọ́n fi irú púpọ̀ sí. Mo wà níbẹ̀, mò ń fọ àwo. Mo gbọ́ ìró sálúbàtà lẹ́yìn mi. Yúmmà ni, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọn kò wọ kíṣìnnì náà rí láti ìgbà tí a ti dé.

Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n fa òórùn rẹ̀ símú.

"Káwàl," ni wọ́n wí. Wọ́n mú ìgbákọ, wọ́n gbé ọbẹ̀ náà sókè, ó yọ̀, ó fà. "Wéíkà! Rùkáyà, wéíkà ni!"

"Kí ni wọ́n wí?" Màámi bi mí.

"Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n. Ilá gbígbẹ. Wéíkà ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn."

"Orúnlá? Ta ló ń jẹ orúnlá ní Lárúbáwá?"

Yúmmà ti fa àpótí sún mọ́ra, wọ́n ti jókòó. Màámi gbé ọkà síwájú wọn. Dúdú ọkà náà bà wọ́n lẹ́rù díẹ̀, wọ́n bi mí bóyá ó jóná ni. Mo ní àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn, iṣu ni. Wọ́n bu òkèlè, wọ́n fi kó orúnlá, wọ́n gbé e sẹ́nu. Wọ́n bu òmíràn. Ata ń ta wọ́n, imú wọn ń ṣomi, wọn kò dúró. Màámi dúró lórí wọn pẹ̀lú ìgbákọ. Nígbà tí àwo mọ́, Yúmmà fi ìka nù ún lá, wọ́n sì gbé àwo náà sókè sí Màámi.

"Bù kún un! Bù kún un fún wọn!" Màámi ń pariwo mọ́ mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn fúnra wọn ni ìgbákọ wà lọ́wọ́ wọn.

Omi ojú Yúmmà ń dà nígbà tí wọ́n ń jẹ àwo kejì. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sunkún, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Alihamudu lilahi," Màámi wí. "Alihamudu lilahi," Yúmmà dáhùn. Ìyẹn yé àwọn méjèèjì.

Bí Yúmmà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Ìbàdàn nìyẹn o. Kò sí ohun tí wọn kò fẹ́ tọ́ wò mọ́. Tí a bá ń lọ lójú títì ní Agbowó, wọ́n á ní kí n dá ọkọ̀ dúró, wọ́n á na ìka sí ohun tí wọ́n ń tà. Wọ́n jẹ àgbàdo sísè pẹ̀lú àgbọn, wọ́n ní ta ni ọlọ́gbọ́n tó kọ́kọ́ pa méjèèjì pọ̀. Wọ́n gé mọ́ínmọ́ín jẹ tòun ti ewé, wọ́n jẹ ewé náà títí wọ́n fi gbà pé ó le. Wọ́n tu ewúro dà sínú ọwọ́ Màámi, tó ti tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ dè é. Nígbà tí wọ́n rí ìgbín nínú abọ́, ní ilé aládùúgbò wa kan, wọ́n sá jáde láìwọ bàtà, a bá wọn ní ẹnu géètì. Màámi ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ìhà mú.

Yúmmà gbẹ̀san. Wọ́n ní kí n wá ọkà bàbà, mo rí i rà ní Moniya. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n rẹ ẹ́ títí ó fi kan. A lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jó irin mọ́rin ní Mọ́kọ́lá, wọ́n gé irin pẹlẹbẹ kan fún wa. Orí rẹ̀ ni Yúmmà ti ń na kísírà, búrẹ́dì ìlú wọn, ó fẹ́lẹ́ bí aṣọ léèsì. Màámi bù ú jẹ, wọ́n rò ó.

"Ẹ̀kọ ni!" wọ́n kígbe. "Ẹ̀kọ tó gbẹ! Ògì ló kan yìí!" Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún béèrè. Àmọ́ nígbà tí Yúmmà gé ẹ̀dọ̀ tútù àti ṣàkì tí kò kan iná, tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tí wọ́n gbé e wá bí oúnjẹ ọlọ́lá jùlọ nílùú wọn, Màámi wò ó, wọ́n ní àwọn gbàgbé nǹkan sí yàrá. Wọn kò padà wá títí a fi kó àwo kúrò.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọdún Kérésìmesì tó dé ni Ìdírísì rí ọ̀nà wá. Ó wọlé, ó wo ìyá rẹ̀ tó jókòó ní pálọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti kún, ó bi mí pé, "Ta ni alhaja yìí?" Yúmmà ju ìrọ̀rí bà á kí wọ́n tó dìde gbá a mọ́ra. Kò sẹ́ni tó tètè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ìyá àti ọmọ ń di ara wọn mú, Màríámù sì ń gun ẹ̀yìn bàbá tí kò fi bẹ́ẹ̀ rántí mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Kérésìmesì, Ìdírísì bá àwọn aládùúgbò wa kan tó jẹ́ onígbàgbọ́ lọ sí Akobo láti lọ kí èèyàn. Àwa obìnrin la kù nílé. Àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yin bángà lẹ́yìn ilé. Èkíní dún, kí n tó yí ojú, Yúmmà ti gbé Màríámù, wọ́n ti wọ abẹ́ tábìlì oúnjẹ. N kò mọ ìgbà tí èmi náà bá wọn níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bángà ni. Ara mi kò mọ̀. Yúmmà fi àyà bo ọmọ, wọ́n di ojú.

Màámi jáde láti kíṣìnnì pẹ̀lú àwo òjòjò. Ewùrà ni wọ́n rin, tí wọ́n po ata àti àlùbọ́sà mọ́, tí wọ́n dín. Ó ṣì ń gbóná. Wọ́n wò wá lábẹ́ tábìlì. Wọ́n rọra gbé àwo náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ tábìlì mú, wọ́n kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn wọ́n láti ọdún mélòó kan, wọ́n rá wọlé tọ̀ wá wá. Orí wọn gbá igi tábìlì.

"Ó dáa," wọ́n wí. "Ibí la ti máa jẹun lónìí."

Bángà mìíràn dún. Yúmmà gbọ̀n. Màámi mú òjòjò kan, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè tutù, wọ́n fi sí Yúmmà lọ́wọ́. Yúmmà kò jẹ òjòjò rí. Wọ́n wò ó, wọ́n gé e díẹ̀. Ó dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n gé e sí i. Màríámù na ọwọ́, Màámi fún un ní tiẹ̀. Èmi náà mú. Òróró ń kán sí wa lọ́wọ́, a ń jẹ, a há mọ́ra bí ẹja inú agolo.

Bángà dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pe àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ jẹun. A dúró síbẹ̀, a ń tẹ́tí. A gbọ́ ẹyẹ lórí igi máńgòrò. A gbọ́ ẹnì kan tó ń gbálẹ̀ ní ilé kejì.

"Ṣé ó ti tán?" Màríámù béèrè.

Màámi fa àwo náà sún mọ́ ọn. "Kò tíì tán, ọmọ mi. Ó kù."

Yúmmà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá nígbà náà, gbọ́ ìyẹn. Wọ́n na ọwọ́.